Nínú Àbọ̀ Ni Ètò Ìrìn-Àjò Wà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé." Ẹni tí ó ti pẹ́ lẹ́yìn odi ni a sábà máa ń pa òwe yìí fún. Ṣùgbọ́n nínú ilé kan ní Ayétòrò-Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó-Òsì, wọ́n ti ń pa á kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀ kúrò nílé. Ìdílé náà ń múra láti lọ lo ọ̀sẹ̀ kan péré ní ìlú Róòmù, ní orílẹ̀-èdè Ítálì, lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé bá wà ní ìsinmi. Kò sí ẹni tí ó ti wọ ọkọ̀ òfurufú rí nínú wọn.

Ìyá Àgbà ni orísun ọ̀rọ̀ náà. Olùkọ́ fẹ̀yìntì ni wọ́n, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, inú ìjọ Àgùdà ni wọ́n sì dàgbà sí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ pé bí Ọlọ́run bá yọ̀ǹda, àwọn yóò fi ojú ara àwọn rí ilé ìjọsìn Pétérù Mímọ́ kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ọmọ wọn ọkùnrin, tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ti ń fi owó pamọ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́rin nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Aṣọ ni ìyàwó rẹ̀ ń tà. Ọmọ méjì ni wọ́n bí: obìnrin, ẹni ọdún 23, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, àti ọkùnrin, ẹni ọdún 10.

Ìfẹ́ tí Ìyá Àgbà ní sí Róòmù kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Francesco Borghero, àlùfáà kan láti agbègbè Genoa ní Ítálì, gúnlẹ̀ sí Ouidah ní ilẹ̀ Dàhòmì, èyí tí ó di Bẹ̀nẹ̀ lónìí, ní ọdún 1861. Nígbà tí ó dé Èkó ní 1863, ó bá àwọn onígbàgbọ́ níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni àwọn tí wọ́n ti oko ẹrú ní Brasil padà wálé, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Àgùdà. Wọ́n ti ń péjọ gbàdúrà láìní àlùfáà kankan, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Pa Antonio ni ó sì ń ṣe atọ́nà wọn. Báyìí ni orúkọ Àgùdà ṣe di orúkọ ìjọ Kátólíìkì lẹ́nu Yorùbá. Ó yẹ kí ọmọ ilé-ìwé mọ̀ pé orúkọ àwọn tí ó padà sílé ni orúkọ náà.

Ṣùgbọ́n Ítálì ní ìtàn mìíràn lẹ́nu aráàlú. Láti bí ọdún 1990 wá ni àwọn oníṣẹ́ ibi ti ń tan àwọn ọ̀dọ́bìnrin lọ sí ibẹ̀, pàápàá láti ilẹ̀ Ẹ̀dó. Wọn a ṣèlérí iṣẹ́ fún wọn, wọn a mú wọn búra níwájú ojúbọ, wọn a sì fi gbèsè ńlá dè wọ́n lọ́rùn. Bí wọ́n bá dé ibẹ̀ tán, òwò nọ̀bì ni wọn yóò fi san án. Ìjọba Nàìjíríà ṣe òfin tí ó lòdì sí fífi ènìyàn ṣòwò ní 2003, ó sì dá àjọ NAPTIP sílẹ̀ láti máa gbógun tì í. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, Ọba Ewuare Kejì ti Ẹ̀dó gégùn-ún fún àwọn oníṣòwò náà, ó sì tú gbogbo àwọn tí wọ́n ti mú búra sílẹ̀ kúrò nínú ìbúra wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ òkun wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 2013, ọkọ̀ ojú omi kan tí ó gbéra láti Líbíà rì nítòsí erékùṣù Lampedusa, ó sì gbé ẹ̀mí ènìyàn 368 lọ. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ ní Ayétòrò pé òun ń lọ sí Ítálì, kì í ṣe ilé ìjọsìn ni ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ọkàn ẹni tí ó gbọ́.

Èyí ni ó mú kí àbúrò baálé ilé náà wá bá wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ọmọbìnrin yìí kúrò nínú ètò yín. Kò tíì lọ́kọ, kò tíì níṣẹ́. Bí àwọn òyìnbó bá rí ìwé rẹ̀, gbogbo yín ni wọn yóò kọ̀. Bí wọn kò bá sì kọ̀, ta ni ó mọ̀ bóyá yóò bá yín padà?"

Baálé ilé kò fèsì, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́kàn òun náà. Ìyá Àgbà ni ó fèsì. Wọ́n ní, "Bí a bá fi í sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ tàbí nítorí ẹ̀kọ́, kò burú. Bí ó bá jẹ́ pé a fura sí i ni a ṣe fi í sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ yóò mọ̀, kò sì ní gbàgbé." Wọ́n wá kọjú sí ọmọ náà, wọ́n bi í pé, "Ọkọ mi, ṣé wàá bá mi padà wálé?"

Ọmọbìnrin náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó sọ pé, "Màmá, mi ò ní parọ́ fún yín. Ó ti wá sí mi lọ́kàn. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí a jọ sin ilẹ̀ baba wa ni wọ́n ń wá ọ̀nà àtijápa. Ṣùgbọ́n bí èmi bá máa lọ, ọ̀nà ẹ̀kọ́ ni màá gbà, lójú yín, pẹ̀lú ìwé tí ó jẹ́ tèmi. Mi ò ní sá mọ́ yín lọ́wọ́ nínú ìlú tí ẹ ò mọ̀."

Ìyá Àgbà ní ìyẹn tó. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà tó wọn nítorí pé kò sọ pé ìdánwò kò sí. Ó jẹ́wọ́ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀, ó sì fi ìlérí tirẹ̀ tì í. Ọ̀pọ̀ òbí ni kì í bi ọmọ wọn ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Wọn a fi ìfura ṣọ́ ọmọ títí tí ọmọ yóò fi kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́.

Àwọn tí wọ́n bá ti ka D. O. Fágúnwà yóò rántí pé yíyan ẹlẹgbẹ́ ni ìpìlẹ̀ ìrìn-àjò. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní 1938, nígbà tí ọba rán Àkàrà-Ògùn sí Òkè Láńgbòdó, kì í ṣe òun nìkan ni ó lọ. Kàkó wà níbẹ̀, Ìmọ̀dóye wà níbẹ̀, Olóhùn-iyọ̀ náà sì wà níbẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹ̀bùn tirẹ̀. Fágúnwà fúnra rẹ̀ rin ìrìn-àjò lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀ nínú ìwé Ìrìnàjò, apá kìíní ní 1949, apá kejì ní 1951. Ó lọ, ó bọ̀, ó sì ròyìn fún àwọn ará ilé.

Ìdílé Ayétòrò náà pín iṣẹ́ bákan náà. Baálé ilé ni alákòóso ìwé àti owó. Ọmọbìnrin ni yóò máa wo àwòrán ọ̀nà lórí fóònù, ó sì ti ń kọ́ bí àwọn ará Ítálì ṣe ń kí ara wọn, bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́, àti bí wọ́n ṣe ń béèrè omi. Ọmọkùnrin ni yóò máa ka iye ibùdókọ̀ kí wọ́n má baà kọjá ibi tí wọ́n ń lọ. Ìyàwó ilé ni ó yà wọ́n lẹ́nu. Ó ní òun kò ní lọ. Bàbá rẹ̀ ń ṣàìsàn ní Ìjerò, ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ kò sì lè wà ní títì ní àkókò tí àwọn ènìyàn ń ra aṣọ ìgbéyàwó. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kí ó fi owó tí ì bá ná lé òun lórí kún ti Màmá, kí wọ́n lè rí ilé ìtura tí kò jìnnà sí ibi tí wọ́n fẹ́ lọ, kí ẹsẹ̀ má baà dun àgbàlagbà. Báyìí ni àwọn arìnrìn-àjò ṣe di mẹ́rin.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ìwé. Pásípọ́ọ̀tù ni àkọ́kọ́. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ₦100,000 ni ìjọba Nàìjíríà ń gbà fún èyí tí ó ní ojú ìwé 32 tí ó sì ń lo ọdún márùn-ún. Fún ènìyàn mẹ́rin, ₦400,000 lọ kí ọ̀rọ̀ físà tó bẹ̀rẹ̀. Ítálì wà lára orílẹ̀-èdè 29 tí ó ń lo físà kan náà tí wọ́n ń pè ní Schengen. Físà ọlọ́jọ́ díẹ̀ wọn kì í gba ènìyàn láàyè ju 90 ọjọ́ lọ láàárín 180 ọjọ́. Láti oṣù kẹfà ọdún 2024, 90 yúrò ni owó rẹ̀ fún àgbàlagbà, 45 yúrò fún ọmọ tí ó ti pé ọdún 6 ṣùgbọ́n tí kò tíì pé 12. Àgbàlagbà mẹ́ta àti ọmọdé kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 315 yúrò. Bí wọ́n bá kọ̀, owó náà kò padà.

A kì í fi ọ̀rọ̀ yìí falẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè kọ̀wé béèrè láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò, kò sì gbọdọ̀ ku dín ní ọjọ́ 15. Ọjọ́ 15 náà ni wọ́n máa ń fi yẹ ìwé wò, ṣùgbọ́n ó lè di 45. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba Ítálì ní Àbújá tàbí ní Èkó ni ìpinnu wà. Àgbàlagbà yóò tẹ̀ka, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 kì í tẹ̀ka. Níwọ̀n bí ìyá ọmọkùnrin náà kò ti ní bá wọn lọ, ó ní láti fọwọ́ sí ìwé pé òun yọ̀ǹda kí bàbá rẹ̀ mú un jáde nílùú. Wọn yóò sì ní ìwé adójútòfò tí ó lè san tó 30,000 yúrò bí àìsàn tàbí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Àgbàlagbà tí ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìyẹn.

Bí ẹ bá wo gbogbo ìwé tí wọ́n ń béèrè, ẹ ó rí i pé ohun kan náà ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ń wádìí. Ìwé ibi iṣẹ́ tí ó sọ ọjọ́ tí ìsinmi yóò parí, ìwé ilé-ìwé ọmọ, ìwé ilẹ̀ àti ilé, tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀, gbogbo wọn ń béèrè pé, "Kí ni ó ń dúró dè ọ́ nílé?" Ìbéèrè Ìyá Àgbà ni àwọn aṣojú ìjọba náà ń béèrè ní ọ̀nà tiwọn. Ẹni tí ó bá ti dáhùn rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ gbọ̀n nígbà tí àlejò bá béèrè.

Síbẹ̀, owó kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Ètò àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe jẹ́ ti ọjọ́ 14: Róòmù, Florence, àti Venice tí ó wà lórí omi. Owó tí ó wà ní ilé ìfowópamọ́ kò tó ìyẹn. Ọkùnrin kan tí ó ń fi ìwé físà ṣiṣẹ́ ṣe wá sọ fún baálé ilé pé kò le. Ó ní òun yóò bá a wá ẹni tí yóò fi owó ńlá sínú àkáǹtì rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, yóò sùn síbẹ̀, yóò sì padà sọ́dọ̀ olówó. Bí ó bá sì fẹ́, òun lè ṣe ìwé iṣẹ́ kan fún ọmọbìnrin rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ baálé ilé létí. Ó ń wo ọjọ́ orí ìyá rẹ̀, ó mọ̀ pé bí ọdún yìí bá kọjá, ó lè má sí òmíràn.

Ọmọbìnrin ni ó kọ̀. Ó ní, "Dádì, ẹ̀yin tí ẹ ní kí n má parọ́ fún Màmá, ẹ má parọ́ nítorí mi." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìdí mìíràn pẹ̀lú. Àkọsílẹ̀ ẹni tí ó béèrè físà lè wà nínú kọ̀ǹpútà àwọn orílẹ̀-èdè náà fún ọdún márùn-ún. Ìwé ayédèrú kan lè ba ọ̀nà ẹ̀kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ gbà lọ́jọ́ iwájú jẹ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Wọ́n gé ọjọ́ 14 sí 7, wọ́n yọ Florence àti Venice kúrò, wọ́n fi Róòmù nìkan sílẹ̀. Owó tiwọn tó ìyẹn, láìyá kọ́bọ̀. Àwọn kan ní àdúgbò rẹ́rìn-ín pé kí ni ènìyàn fẹ́ fi ọjọ́ méje rí ní Ìlú Òyìnbó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbé Róòmù nìkan yẹ̀ wò yóò rí i pé ọjọ́ méje náà kò tó tán.

Ilé ìjọsìn Pétérù Mímọ́ ni wọn yóò kọ́kọ́ lọ. Ọdún 1506 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ, ọdún 1626 ni wọ́n yà á sí mímọ́. Iṣẹ́ 120 ọdún ni: àwọn tí ó fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀ kò sí láyé nígbà tí ó parí. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé, ṣùgbọ́n aṣọ gbọ́dọ̀ bo èjìká àti orúnkún. Ìyá Àgbà ní ìró àti bùbá kò ní ìṣòro níbẹ̀. Àtẹ̀gùn 551 ni ó lọ sí òkè òrùlé rẹ̀. Ẹ̀rọ agbéniròkè lè dín in kù sí 320, ṣùgbọ́n ìyẹn náà ti ju ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà lọ. Bàbá àti ọmọ ni yóò gùn ún, ìyá yóò jókòó nílẹ̀ níwájú ère Màríà tí ó gbé òkú Jésù lẹ́sẹ̀, èyí tí Michelangelo gbẹ́ ní nǹkan bí 1499, nígbà tí kò tíì ju ẹni ọdún 25 lọ. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ ọnà àwọn agbẹ́gilére Ẹ̀fọ̀n-Aláayè kò ní jẹ́ àjèjì níwájú òkúta náà. Ní ọjọ́rú, Póòpù a máa bá àwọn èrò sọ̀rọ̀ ní gbangba, ìwé ìwọlé rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a béèrè rẹ̀ ṣáájú.

Ọmọkùnrin ń fẹ́ rí Colosseum, pápá eré ńlá tí wọ́n ṣí ní ọdún 80 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa. Àwọn ẹrú àti òǹdè ni wọ́n ń kó síbẹ̀ láti bá ara wọn àti ẹranko jà, kí àwọn ènìyàn lè rí ìran wò. Bàbá rẹ̀ ti sọ fún un pé bí ó bá rí bí ilé náà ṣe lẹ́wà tó, kí ó béèrè pẹ̀lú pé ẹ̀jẹ̀ ta ni ó ṣàn níbẹ̀. Omi kò ní wọ́n wọn: ẹ̀rọ omi mímu tí ó ń ṣàn lọ́fẹ̀ẹ́ ní ojú pópó Róòmù lé ní 2,000. Aago kò ní dà wọ́n láàmú púpọ̀, nítorí pé wákàtí kan péré ni Ítálì fi ṣáájú Nàìjíríà ní àkókò Àjíǹde. Ní ìgbà òtútù, aago kan náà ni orílẹ̀-èdè méjèèjì ń lò.

Oúnjẹ ni ó fa àríyànjiyàn. Ọmọ Èkìtì kì í fi iyán ṣeré, Ìyá Àgbà sì ti fẹ́ di iṣu méjì sínú ẹrù. Òfin Yúróòpù kò gba iṣu tútù lọ́wọ́ arìnrìn-àjò láìsí ìwé ẹ̀rí pé àrùn ohun ọ̀gbìn kò sí lára rẹ̀. Wọn kò gba ẹran kankan, ì báà jẹ́ gbígbẹ, wọn kò sì gba wàrà. Ẹja gbígbẹ ni wọ́n gbà. Ìyá Àgbà ní, "Ọjọ́ méje kò pa ẹni tí kò jẹ iyán. Èyí tí mo bá fi sílẹ̀ ni màá padà wá jẹ."

Ní Róòmù, orísun omi kan wà tí wọ́n ń pè ní Trevi, tí wọ́n parí ní 1762. Àṣà àwọn àlejò ni láti ju owó ẹyọ sínú rẹ̀, nítorí ìgbàgbọ́ pé ẹni tí ó bá jù ú yóò tún padà wá sí Róòmù. Àwọn tí ń ṣètọ́jú aláìní ni wọ́n ń fi owó náà ràn lọ́wọ́. Ọmọbìnrin ní òun yóò ju tòun. Ìyá Àgbà ní ó dára, kí ó jù ú, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ kà iye ọjọ́ tí ó kù lórí físà rẹ̀. Wọn kò nìkan ka ọjọ́ náà: láti oṣù kẹwàá ọdún 2025, àwọn orílẹ̀-èdè náà ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀rọ gba àwòrán ojú àti ìtẹ̀ka àlejò, láti kọ ọjọ́ tí ó wọlé àti ọjọ́ tí ó jáde sílẹ̀.

Ìwé wọn ti pé báyìí. Físà náà lè jáde, ó lè má jáde. Bí wọ́n bá kọ̀, òfin wọn ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tí wọ́n kọ̀ sì ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tàbí láti tún béèrè. Baálé ilé ti sọ èyí fún ìyá rẹ̀ kedere, kí ìrètí má baà di àìsàn. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n ní bí àwọn kò bá tilẹ̀ dé Róòmù, àwọn ti mọ irú ọmọ tí àwọn tọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ lè fi ọ̀rọ̀ yìí bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín: bí ẹ bá fẹ́ rin ìrìn-àjò, ta ni ẹ ó mú lọ, ta ni yóò ṣọ́ ilé, kí sì ni ó ń dúró dè yín? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìdáhùn wọn ní èdè Yorùbá. Ní ti ìdílé Ayétòrò, àwa ará ilé kí wọn ní àlọ rere, a sì kí wọn ní àbọ̀ rere.